Éésì Ọkọ̀ Wa

Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Dókítà ti dá ọjọ́. Ìyàwó mi, ìyá àwọn ọmọ, máa kúrò nílé ìwòsàn lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá tún ru. Inú mi dùn débi pé mo dìde dúró láìmọ̀. Ó wá fi kún un pé: "Bàbá, ooru ò gbọdọ̀ mú wọn lójú ọ̀nà o. Ara wọn ò tíì lè gbà á. Ọkọ̀ tó bá tutù lẹ máa fi gbé wọn." Mo ní ṣé kí n wá gbé e ní ìdájí, kí oòrùn tó yọ. Nọ́ọ̀sì ní rárá, ẹnikẹ́ni kì í jáde kí dókítà tó yí gbogbo yàrá ká tán, ìyẹn sì ń di aago mọ́kànlá. Wákàtí márùn-ún ni láti ibẹ̀ dé ilé wa. Èmi tí ara mi le, tí mo bá ti ibẹ̀ dé, aṣọ mi ṣeé fún bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣan.

Àkọ́bí wa pè láti ìlú tó ń gbé, ó ní òun á fi owó ránṣẹ́ ká fi háyà ọkọ̀ tó ní éésì. Mo gbé fóònù sétí ìyá wọn kó lè gbọ́ ọ. Láti oṣù mẹ́rin tí rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún rẹ̀ àti ahọ́n rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde kò pọ̀. Ó mi orí, ó tún mi orí, ó wá sọ pé: "Ọkọ̀... wa."

Ó parí. Dókítà ò lè bá a jà, ọmọ ò lè bá a jà. Ọkọ̀ wa náà ni. Ọdún mẹ́tàlélógún la ti ń gùn ún, éésì rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kànlá.

Mo délé nírọ̀lẹ́. Mo ṣílẹ̀kùn, mo ní "Mo ti dé o," kí n tó rántí pé kò sẹ́ni tó máa dá mi lóhùn. Oṣù mẹ́rin, ẹnu mi ò tíì gbà pé kò sí nílé.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láàárọ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ iná mànàmáná kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti gun òpó nínú òjò, mo ti tún ẹ̀rọ tó ga ju ilé lọ ṣe. Éésì ọkọ̀ kan ṣoṣo ò gbọdọ̀ fi mí ṣẹ̀sín.

Mo fọ gbogbo iwájú ẹ̀rọ. Ewé gbígbẹ, ìyẹ́ ẹyẹ, kòkòrò tó ti kú láti ayé bàbá ńlá wọn, gbogbo rẹ̀ ló há sára irin pẹlẹbẹ tó wà níwájú rédíétọ̀. Iná ò dé ibi kọ́ńpúrẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì tó ń mú éésì tutù kiri. Mi ò da wáyà àtijọ́ láàmú. Mo fa tuntun láti orí bátìrì, mo fi fíúsì sí i láàárín, mo so páálí kékeré mọ́ ọn lọ́rùn, mo kọ ọ́ sí i pé: "Wáyà tuntun, ti éésì," mo sì kọ ọjọ́ òní sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé wáyà tí kò ní páálí lọ́rùn, ẹni tó máa pa ló ń dúró dè. Ó ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀. Kò sí wáyà tí mo fọwọ́ kàn nínú ilé yìí tí kò ní páálí tirẹ̀, tòun tọjọ́. Òun ni ìyá wọn ṣe ń pè mí ní Ọ̀gá Wáyà.

Aládùúgbò mi, tí gbogbo òpópónà ń pè ní Mọ̀-ọ́n-tán, yọrí lókè ògiri. Ó ní, "Ẹ bu yìnyín sínú garawa, ẹ gbé e sẹ́sẹ̀ wọn, ó tán!" Mo ní mo ti gbọ́. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ rí ló ń kọ́ mi ní ti éésì.

Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Gáàsì ti wọ́n ju bí mo ṣe rò lọ. Mo ra agolo méjì àti okùn rọ́bà rẹ̀, mo bu ú sí i fúnra mi. Mo tan ọkọ̀, mo yí kọ́bù tó ń tan éésì, mo gbé ọwọ́ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde. Ó kọ́kọ́ gbóná. Ó wá lọ́wọ́ọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni òtútù bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo sì kígbe nínú ọkọ̀ bí ọmọdé.

Mo pe àkọ́bí, ó wà níbi iṣẹ́, kò gbé e. Mo pe àbúrò rẹ̀, fóònù rẹ̀ ti kú. Nígbà tí mi ò rí ẹlòmíràn, mo lọ sọ fún Mọ̀-ọ́n-tán. Ó ní ká tiẹ̀ máa wò ó ná.

Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Gáàsì ti lọ. Gbogbo rẹ̀. Ooru ló ń jáde. Mọ̀-ọ́n-tán rí mi níbi tí mo jókòó sí nínú ọkọ̀, kò sọ nǹkan kan, èyí ló tilẹ̀ dùn mí jù.

Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Wọ́n júwe Onígáàsì fún mi. Mo rò pé ọkùnrin ni. Obìnrin ni, ẹni bí ogójì ọdún, ó fi okùn so gíláàsì ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn, èékánná rẹ̀ dúdú fún epo ọkọ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, páànù ló fi ṣe òrùlé, fìríìjì tó ti kú sì tò síwájú rẹ̀ bí àwọn tó ń dúró de dókítà.

"Bàbá, ta ló bu gáàsì sí i?"

"Èmi ni."

"Ẹ wá ibi tó ti ń jò kẹ́ ẹ tó bù ú?"

Mo yí ojú sí àwọn fìríìjì náà.

"Ẹ ti bu omi sínú apẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ó tẹrí wọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó di wáyà tuntun mi mú, ó ka páálí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́? Ọwọ́ ìkọ̀wé yín mọ́ o. Kí ló wá ṣe wáyà àtijọ́?"

Mo ní ó ti gbó.

Ó wò mí láti òkè gíláàsì. Ó ní kí n gbé ọkọ̀ wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òun máa tú u wò.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo lọ wo ìyá wọn nílé ìwòsàn. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ, kí ọkọ̀ lè sinmi. Wọ́n ti gé irun rẹ̀ kúrú. Kò dára, àmọ́ mo ní ó dára. Ó fi ojú sọ fún mi pé irọ́ ni mò ń pa.

Ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́fà lónìí, nọ́ọ̀sì dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, irin ìtilẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Mẹ́fà! Lọ́sẹ̀ tó kọjá, méjì péré ni. Nọ́ọ̀sì ní kí n pàtẹ́wọ́, mo pàtẹ́wọ́, ojú sì tì í.

Nígbà tó jókòó padà, mo ròyìn fún un pé mò ń tún éésì ọkọ̀ ṣe. Mo sọ ti gáàsì, mo sọ ti Mọ̀-ọ́n-tán àti yìnyín inú garawa. Ó ń wò mí ní gbogbo ìgbà yẹn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ló ń dìde, àmọ́ ẹ̀rín gidi ni, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti rí ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn. Mo rò pé ti garawa ló pa á lẹ́rìn-ín, mo bá tún un sọ. Kò rẹ́rìn-ín sí i lẹ́ẹ̀kejì.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Onígáàsì tú páìpù méjì kúrò lára kọ́ńpúrẹ́sọ̀. Níbi tí páìpù ti pàdé ara wọn, òrùka rọ́bà kékeré kan wà tí kì í jẹ́ kí gáàsì jò. Ó fi ìka mú un, ó fọ́ sí i lọ́wọ́ bí èèpo ẹ̀pà. Ó mú òmíràn, ó fọ́. Gbogbo wọn ló ti gbẹ.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ lò ó kẹ́yìn?"

"Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tó ti bàjẹ́."

"Kí ló kọ́kọ́ ṣe é?"

Mo ní mi ò rántí mọ́.

Ó tọ́jú àwọn rọ́bà náà sínú ìdérí agolo. Ó ní epo kan wà nínú gáàsì tó ń ra àwọn rọ́bà yìí lára, bí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́ ló ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ẹ̀rọ bá dúró, wọ́n á gbẹ, wọ́n á sán, gáàsì á sì máa yọ́ lọ. "Ẹ ò rí i, Bàbá, lílò ló ń mú un tọ́jọ́. Ká ní ẹ ń tan án ni, ì bá má ná yín lówó tó báyìí." Ó sọ ọ́ láì ní ohunkóhun nínú. Mo rìn lọ sẹ́yìn ọkọ̀, mo ń ṣe bí ẹni ń wo táyà.

Ó ní àwọn òrùka rọ́bà ò ṣòro rí, àmọ́ rọ́bà ẹnu kọ́ńpúrẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ náà ti ń jò, ó sì ku bí òun ṣe máa rí irú rẹ̀ fún ọkọ̀ tó ti dàgbà tó báyìí. Ọjọ́ mẹ́tàlá ló kù.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Onígáàsì ti rí ohun tí mi ò fẹ́ kó rí. Mi ò lè kọ ọ́ lónìí.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Mo ti mu tíì, mo ti gbálẹ̀, mo ti tún ilẹ̀ gbá. Kò sí iṣẹ́ mìíràn tí mo lè fi sá fún ìwé yìí.

Lánàá, Onígáàsì ní òun ò fẹ́ wáyà tí mo fà láti orí bátìrì. Ó ní bó ṣe wà yẹn, kò sí ohun tó máa dá ẹ̀rọ dúró bó bá gbóná jù, ti àtijọ́ ló yẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ wáyà àtijọ́ lọ láti iwájú ẹ̀rọ, ó gba inú ihò ọkọ̀ wọlé, títí ó fi dé ẹ̀yìn àpótí kékeré tó wà níwájú ìjókòó ìyá wọn, níbi tó máa ń kó ìwé àti ìnujú rẹ̀ sí. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ó ní kò ní pẹ́. Ó fa àpótí náà yọ, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i.

Ó ní, "Háà. Bàbá, kò bàjẹ́ o. Wọ́n yọ ọ́ ni. Ẹni tó yọ ọ́ mọṣẹ́ gan-an, ó fi téèpù dì í mọ́lẹ̀ dáadáa." Ó tún sọ pé, "Páálí wà lọ́rùn rẹ̀."

Ó kà á sókè. "Mo yọ ọ́ nítorí epo." Ó ka ọjọ́ tó wà níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá àti oṣù kan.

Ìwé mi ni. Ẹni tó yìn mí lọ́jọ́sí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi mọ́, ó ti mọ ọ́n kó tó kà á tán. Ó yí páálí náà padà lọ́wọ́, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, mo rí i tí ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra. Ó nà án sí mi. "Ẹ rọra kà á dáadáa nílé, Bàbá." Mo gbà á, mo tì í bọ àpò. Ìgbà tí mo délé, mo fi í sáàárín ìwé yìí, lẹ́yìn pátápátá, mi ò sì fẹ́ rí i mọ́. Kí ni mo fẹ́ kà níbẹ̀ tí mi ò mọ̀? Èmi ni mo kọ ọ́.

Ó dáa. Bó ṣe rí nìyí. Lọ́dún yẹn, epo ọkọ̀ wọ́n, ọmọ méjì wà nílé ìwé. Ìyá wọn fẹ́ràn éésì. Bó bá ti jókòó báyìí, òun ló máa kọ́kọ́ tàn. Mo ṣírò epo tí éésì ń mu, mo sì rí i pé mi ò lè bá a sọ ọ́ kó má di ìjà. Mo yọ wáyà náà lọ́jọ́ kan tí kò sí nílé. Nígbà tó tàn án tí kò ṣiṣẹ́, mo ní, "Ó ti bàjẹ́. Kọ́ńpúrẹ́sọ̀ ló kú. Owó ńlá ni." Mo fẹ́ dá a padà bí àbúrò bá ti jáde ilé ìwé. Àbúrò jáde. Mo wá ronú pé kí ni mo máa sọ? Pé kọ́ńpúrẹ́sọ̀ tó kú ti jí fúnra rẹ̀? Mo ní ó di ọ̀la. Ọ̀la yẹn ló di ọdún mọ́kànlá.

Lọ́dọọdún, bí ooru bá ti dé, ó máa ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara rẹ̀ nínú ọkọ̀, á máa wo ìta, á ní, "Ọ̀gá Wáyà, ṣé ẹ ò tíì rí ẹni tó máa tún nǹkan yìí ṣe ni?" Èmi á ní owó ńlá ni.

Onígáàsì ní lílò ló ń mú un tọ́jọ́. Mo pa irọ́ pé ó bàjẹ́, mo sì fi irọ́ náà bà á jẹ́ ní tòótọ́. Ojú ń tì mí. Kò sẹ́ni nílé tó lè rí i, síbẹ̀ ó ń tì mí.

Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún

Kò sí rọ́bà ẹnu kọ́ńpúrẹ́sọ̀ wa ní gbogbo ọjà. Onígáàsì ní kí n lọ sí ibi tí wọ́n ń kó ọkọ̀ tó ti kú sí, bóyá mo lè rí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ odindi lára ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo lọ. Oòrùn gbígbóná, irin gbígbóná, koríko dé orúnkún. Mo rìn láàárín wọn títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí.

Mo rí ọ̀kan ní ọ̀sán. Irú rẹ̀ gẹ́lẹ́, àwọ̀ kan náà. Kò ní táyà, kò ní ilẹ̀kùn lápá kan. Mo wọlé, mo jókòó ní ìjókòó awakọ̀ láti sinmi díẹ̀. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi ọ̀tún. Ẹnì kan ti gé ìjókòó tibẹ̀ lọ, ilẹ̀ ọkọ̀ lásán ló kù. Ẹkún gbọ̀n mí níbẹ̀, mi ò purọ́. Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé ó ń gbádùn, pé a ń dúpẹ́. Lóru ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ, wọ́n ní kí n má retí. Mi ò sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ.

Ẹni tó ni ibẹ̀ wá, ó ní, "Bàbá, ṣé kò sí wàhálà?" Mo ní kò sí. Ó bá mi tú kọ́ńpúrẹ́sọ̀ náà. Ó wúwo. Mo gbé e mọ́ àyà wọ bọ́ọ̀sì, ẹni tó jókòó tì mí sì ń wò mí bíi pé mo jí i gbé.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Àkọ́bí pè. A sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ìjókòó, a sọ̀rọ̀ ẹni tó máa máa wẹ̀ fún un. Lójijì ló ní, "Bàbá, ẹ rántí aṣọ ìnura tí Màmá máa ń rẹ sínú omi, tí wọ́n á fi sí wa lọ́rùn nínú ọkọ̀ nígbà ooru? Wọ́n á ní kí á máa ṣe bí ẹni pé éésì ni. Kí ló dé tí ẹ ò tún un ṣe nígbà yẹn?"

Mo la ẹnu. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ó ti ṣiṣẹ́! Onígáàsì pààrọ̀ kọ́ńpúrẹ́sọ̀, ó pààrọ̀ gbogbo òrùka rọ́bà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ so wáyà àtijọ́ padà síbi tí mo ti yọ ọ́. Ó fi ẹ̀rọ kan fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, a jókòó fún odindi wákàtí kan, a ń wo ọwọ́ òṣùwọ̀n bóyá á padà sẹ́yìn. Kò mira. Ó wá bu gáàsì sí i, díẹ̀díẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tó jáde tutù ju ti ọjọ́ kìíní lọ fíìfíì. Mi ò kígbe lọ́tẹ̀ yìí. Ọkàn mi ṣì wà níbi tí ti ìṣáájú já mi kulẹ̀.

Bó ṣe ń nu ọwọ́, mo ní, "Ìyàwó mi ò mọ̀." Mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ ọ́. Ó ní, "Bàbá, bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Ẹ sọ ọ́ fún wọn kó tó bá yín." Ó tún ń pa ẹ̀rín mọ́ra. Obìnrin yìí ò lójú àánú.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Omi nílẹ̀ ọkọ̀, níbi ẹsẹ̀ ìyá wọn gan-an! Mo rò pé gbogbo rẹ̀ ti tún bàjẹ́. Mo sáré pe Onígáàsì, ó wà níbi ìsìnkú, ó ní òun ò lè dé títí di ọ̀túnla. Ọ̀túnla ni Ẹtì.

Mo jókòó sílẹ̀, mo ní kí n ronú bí òṣìṣẹ́. Omi tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Èyí kì í ṣe gáàsì, kì í ṣe epo. Omi tí òtútù ń kán ni, ó sì yẹ kó ní ibi tó ń gbà jáde. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀. Mo rí rọ́bà tóóró tó ń da omi síta, agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé sí i lẹ́nu. Wọ́n ti rí i pé omi ò gba ibẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn. Mo fi wáyà tú u. Omi tútù dà sí mi lójú, sí mi lẹ́nu, mo ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ọkọ̀ ní èmi nìkan. Mọ̀-ọ́n-tán béèrè lórí ògiri pé ṣé kí òun pe ènìyàn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ẹ̀jẹ̀ ìyá wọn kò ru. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa bọ̀.

Mo fọ ọkọ̀ tinú tòde. Mo tan éésì fún wákàtí kan, mo sì lọ jókòó ní ìjókòó tirẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún, mi ò jókòó níbẹ̀ rí. Oòrùn ọ̀sán, apá ibẹ̀ ló ń wọlé sí. Mi ò mọ̀ rí. Mo pa éésì láti wò ó bó ṣe máa ń rí fún un. Mi ò lè dúró ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Màá sọ ọ́ fún un lọ́la. Kó tó délé, nínú ọkọ̀. Bó bá bínú, kó bínú. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé kó má lè sọ ìbínú náà jáde, kó kàn yí ojú sí fèrèsé.

Àbámẹ́ta, ọgbọ̀njọ́

Ó wà nínú yàrá, ó ń sùn. Mo ń gbọ́ mímí rẹ̀ láti ibi tí mo ti ń kọ̀wé. Kí n tètè kọ ọ́ kí ó tó jí.

Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀ la kúrò lánàá. Nọ́ọ̀sì méjì gbé e wọ ọkọ̀, mo de bẹ́líìtì fún un. Mo ti tan éésì sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Bí mo ṣe ti ilẹ̀kùn, ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sí ojú ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí i. Ó pa ojú dé. Ó gbé ọwọ́ náà síbẹ̀ títí a fi jáde nígboro.

Mo ti to ọ̀rọ̀ mi láti ilé. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí owó epo, kí n wá dé orí owó ilé ìwé. Nígbà tí mo lanu, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo ní, "Kò bàjẹ́. Nígbà yẹn. Èmi ni mo yọ wáyà rẹ̀. Mo purọ́ fún ọ. Jọ̀ọ́, dárí jì mí." Mo fa páálí náà jáde láàárín ìwé yìí tí mo gbé dání, torí mo fẹ́ kó rí ẹ̀rí lójú ara rẹ̀, mo fi lé e lọ́wọ́.

Kò kà á. Ó yí i padà, ó nà án sí mi.

Mo ya sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo wọ gíláàsì. Lẹ́yìn páálí náà, ìwé ẹlòmíràn ni, bírò aláwọ̀ pupa, lẹ́tà tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ó ṣe máa ń kọ ọ́ kí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó kú: "Ọ̀gá Wáyà, mo ti rí i. Mò ń wò yín níran." Ó kọ ọjọ́ sábẹ́ rẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ́yìn tèmi.

Mo wò ó. Ẹ̀rín ti gba èjìká rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá tó ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara rẹ̀, tó ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo ti rí ẹni tó máa tún un ṣe! Ilẹ̀kùn ló ń ṣí sílẹ̀ fún mi lọ́dọọdún, mi ò sì gba ibẹ̀ wọlé. Mo fi orí lé sítíárì, mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù. Ó fi ọwọ́ òsì gbá mi lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, pẹ́pẹ́, bí ẹni pé ká máa lọ.

A ń lọ. Lẹ́yìn wákàtí kan, òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi. Mo na ọwọ́, mo yí kọ́bù sílẹ̀ díẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì, ó yí i padà sókè dé òpin. Mo rò pé kò mọ̀ pé èmi ni. Mo tún yí i sílẹ̀. Ó tún yí i sókè. Ìka mi ti ń kú lórí sítíárì.

Mo ní, "Ìyá wọn, òtútù ń pa mí. Jẹ́ ká dín in kù."

Ó wo ojú ọ̀nà. Ó gbìyànjú ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò bọ́ sí i. Ó tún gbìyànjú. Ó ní, "Ó... ti... bàjẹ́."

Wákàtí mẹ́rin ló kù ká délé. Mo wakọ̀ lọ, eyín mi ń gbá ara wọn, mi ò sì fọwọ́ kan kọ́bù náà mọ́.